Irúgbìn Tí A Kì Í Tú Wò

Ẹ dá orin dúró ná, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé Ìsìn Irúgbìn la wá ṣe, mo sì rí i pé ẹ ti to irúgbìn yín síwájú pẹpẹ, kálukú pẹ̀lú aṣọ funfun tó fi dì í àti kókó mẹ́ta tó so. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé ọwọ́ lé nǹkan kan lónìí títí n óò fi sọ ohun tí ojú mi rí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń jẹ́ Ìyá Àdúrà nínú ìjọ yìí, ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí pé mo ríran. Àwọn aríran pọ̀ láàárín wa, èmi a máa gbàdúrà, mo sì ń dáná fún wọn.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo wà nínú ààwẹ̀. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀la, ọjọ́ Ajé, ni àwọn aṣòfin ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú láti gbọ́ tẹnu wa, bóyá kí wọ́n jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa mu igbó fún fàájì láìsí pé ọlọ́pàá mú un, àbí kí wọ́n fi òfin sílẹ̀ bó ṣe wà. Bàbá Fọlárànmí, olórí àwọn àgbẹ̀ ìjọ wa, tó kan páànù sórí ṣọ́ọ̀ṣì tí a jókòó sí yìí, ti ní kí gbogbo ìjọ dìde níbẹ̀ kí a sọ pé a fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ewé tí Ọlọ́run dá ni. Wọ́n ní èmi ni kí n gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi, ìyá Akin. Ẹ̀yin àlejò tó wà láàárín wa lè má mọ Akin. Ọmọ mi ni, káfíńtà ni, òun ló fá pákó àwọn bẹ́ǹṣì tí ẹ jókòó lé yìí. Ó mu igbó títí orí rẹ̀ fi yí. Ọdún kẹta rèé tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ fá ògiri ilé mi bí ẹni ń fá pákó. Tó bá rẹ̀ ẹ́, yóò jókòó, yóò máa dá rẹ́rìn-ín.

Agogo méjìlá ọ̀sán ni mo kúnlẹ̀ nínú yàrá àdúrà. N kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀san ni mo ń tọrọ. Mo ní, Olúwa, ẹni tó gbin èyí tí ọmọ mi mu, fi hàn mí, kí o sì fìyà jẹ ẹ́ lójú mi. Mo sọ ọ́ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Orí ẹní àdúrà mi ni oorun ti gbé mi lọ.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí ni Bàbá Alágogo, tó máa ń lu agogo fún wa kí wọ́n tó kú. Ẹ̀yin àgbà rántí wọn, pé wọn kì í sọ̀rọ̀ ju gbólóhùn kan lọ. Wọ́n wọ sùtánà wọn, wọn ò wọ bàtà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá." Wọ́n ní, "Àbíkẹ́, dìde, ẹ̀bẹ̀ rẹ ti gbà."

Ibi ìsinmi la kọ́kọ́ gbà kọjá. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù. Mo rí Ìyá Sàámú, ẹni tó máa ń dúró ní gárééjì tó ń bẹ àwọn ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má mu igbó, tí àwa ń pè ní oníjàngbọ̀n. Wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹ ọsàn, ẹsẹ̀ wọn tó máa ń wú kò wú mọ́. Wọ́n rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ jókòó tì wọ́n, ṣùgbọ́n Bàbá Alágogo dì mí lápá mú. Wọ́n ní, "Kò tíì kan ìjókòó."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ooru bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ti ṣí ìkòkò omi gbígbóná sí ojú ara rẹ̀ rí, kò tíì mọ nǹkan kan. Àwọn alágbèrè wà lápá òsì, wọ́n ń ké. Mi ò dúró wò wọ́n, wọn kọ́ ni mo wá wò. Mo rí ọlọ́pàá kan tó ru ẹrù igbó tó ń jó lórí, ó ń sáré, kò ríbi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọ̀rá orí rẹ̀ ń ṣàn wọ ojú rẹ̀. Bàbá Alágogo ní, "Ó mú àwọn ọmọdé tó ń mu ún, ó sì ń ta èyí tó gbà lọ́wọ́ wọn." Ọlọ́pàá náà nawọ́ sí mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ràn mí lọ́wọ́, ẹ bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Mo ní, "Rù ú." Inú mi dùn, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bá ti fọ ìgbẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kúrò lára ògiri ló mọ irú inú tó dùn.

Bàbá wá ṣí ilẹ̀kùn kan. Gbọ̀ngàn ni, ó dà bíi gbọ̀ngàn ìlú wa gan-an, pẹ̀lú àga àti gbohùngbohùn. Àwọn ọkùnrin pàtàkì pàtàkì kún inú rẹ̀, wọ́n ń jíròrò lórí igbó. Ọ̀kan dìde, ó ní òògùn ni, kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí èéfín fi yọ lẹ́nu rẹ̀, tó padà wọ ihò imú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì yọ síta, ó ń wá omi. Òmíràn dìde, ó ní ohun ìríra ni, kí wọ́n ju àwọn ọmọ tó ń mu ún sẹ́wọ̀n. Èéfín yọ lẹ́nu òun náà, ó tilẹ̀ pọ̀ jù. Mo béèrè pé kí ló dé tí èyí tó lòdì sí igbó fi ń jìyà pẹ̀lú. Bàbá Alágogo ní, "Oko igbó rẹ̀ ló tóbi jù nínú gbogbo wọn." Mo ní, ìgbà wo ni wọ́n máa parí ìpàdé yìí? Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá sọ òtítọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n máa ṣe é lọ. Mo ń wá ẹni tó gbin èyí tí Akin mu láàárín wọn, mo ń wo ojú kọ̀ọ̀kan, n kò rí i. Ìgbà náà ni mo rí àga méjì tó ṣófo níwájú, tí iná ti ń jó lábẹ́ wọn. Lórí èkíní ni aṣọ funfun kan wà tí a so ní kókó mẹ́ta. Mo bi Bàbá pé ta ló ni àga wọ̀nyí. Wọ́n ní, "Ẹni tó gbìn ín, àti ẹni tó bùkún un."

Mo wo aṣọ náà mo mọ̀ ọ́n, mo rí àbààwọ́n omi àdúrà tí mo fi ọwọ́ ara mi wọ́n sí i, mo fẹ́ sá ẹsẹ̀ mi ò gbé, àga kejì yẹn ń súnmọ́ mi, kì í ṣe èmi ni mò ń lọ bá a, òun ló ń bọ̀, mò ń pe Jésù ohùn mi ò jáde, èéfín ló jáde, èéfín igbó, lẹ́nu èmi tí n kò mu ún rí láyé mi.

Ẹ mọ àṣà wa. A kì í tú irúgbìn wò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ṣáájú wa ló sọ pé ẹni tó bá tú kókó níwájú pẹpẹ, àdúrà ló tú. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹnì kan gbé ìdì kan wá, ó ní ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni. Ọwọ́ mi kàn án, hóró rẹ̀ tóbi ju tẹ̀tẹ̀ lọ, òórùn kan sì ń jáde lára rẹ̀ tí kì í ṣe òórùn ẹ̀fọ́. Mo gbójú sókè, mo wo páànù tuntun tí ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn fún wa. Mo sì gbàdúrà. Mo ní, kí ó hù, kí ó gbilẹ̀, kí ó wọ gbogbo ilé tó wà nílùú yìí, kí ó má yọ ilé kankan sílẹ̀.

Bàbá Alágogo tẹ ẹnu mọ́ etí mi. Wọ́n ní, "Àdúrà rẹ gbà, Àbíkẹ́." Ìyẹn ni mo gbọ́ tí mo fi jí. Oòrùn ọ̀sán ṣì wà lójú fèrèsé, mo sì ń gbọ́ Akin ní yàrá kejì, ó ń fá ògiri.

Ìkìlọ̀ mi rèé. Ẹni tó bá fẹ́ sọ lọ́la pé ẹ̀wọ̀n kì í wo ẹnikẹ́ni sàn, kó sọ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀wọ̀n nítorí ìdì igbó kan ṣoṣo, ìgbà tó jáde ó burú ju bó ṣe wọlé lọ. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé igbó ń ba ọmọ jẹ́, kó wá wo ilé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní oko igbó rẹ̀ ní ẹ̀yìn odò, tó wá fẹ́ kí ìjọ Ọlọ́run bá òun ṣe àmín sí i, ọwọ́ mi kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Mo ti rí àga mi. N kò ní jókòó lé e.

Lónìí, a máa tú irúgbìn wò kí a tó bùkún un. Tèmi rèé, èmi ni mo kọ́kọ́ tú u. Ilá ni. Ẹ wò ó.

Bàbá Fọlárànmí, ẹ má dìde, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀nà àbájáde kò sí lápá ibẹ̀ yẹn. Mo rí i pé ẹ tún gbé tiyín wá lọ́dún yìí. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ náà ni, àbí? Ó dára. Mo mú ọmọ mi wá, ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti mọ òórùn rẹ̀ jù mí lọ.

Akin, wọlé, ọmọ mi. Wá bá Bàbá tú kókó wọn.