Ìkúnlẹ̀ Tí Kò Bá Gèèmù Dé Orí Fóònù

Nínú bọ́ọ̀sì Malete tí mo wọ̀ lọ sílé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé gèèmù onítàn kan láti inú ẹ̀rọ àtijọ́ tí a ń fọwọ́ dì mú lọ sórí fóònù gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

“Àǹtí, ọ̀la ni gèèmù yìí ń jáde, ìyá àgbà inú rẹ̀ ò sì dá ọmọbìnrin yìí lóhùn. Ìtàn ti dúró.”

“Ṣé ọmọ náà kí i?”

“Ó kí i.”

“Lórí ìdúró? Ní Ìlọrin níbí?”

“Yéè! Bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ ló fi ń kúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀, fóònù ò sì ní bọ́tìnnì!”

“Jẹ́ kí wọ́n fi ìka fà á wálẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n.”

Ó tún un ṣe. Ìyá àgbà dáhùn: “Káàbọ̀, ọmọ mi.”

“Alihamudulilahi! Ìtàn ti ń lọ!”

Mo gbé gbólóhùn yẹn, “Ìtàn ti ń lọ,” wọ ilé tí ìyàwó mi ò sí mọ́. Ó tù mí lára.