Owó Ọkọ̀ Àwo Orin Àwáwù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ǹ bá gbé e wọ ibojì, ṣùgbọ́n Múrítàlá ọmọ mi ń sọ kiri orí fóònù pé ilé gbàǹjo kan lókè òkun rẹ́ bàbá òun jẹ. Gbogbo Ṣakí ló ń kí mi pẹ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, pẹ̀lẹ́ yẹn kò tọ́ sí mi.

Àwáwù ìyàwó mi, tó kú lẹ́yìn ìtúnu àwẹ̀ tó kọjá, wákà ló ń kọ nígbà tó wà lọ́mọge. Òun àti Ràmọ́tù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe àwo orin kan. Ẹyọ kan ló wà nílé wa. Bí a bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ, Sàlámì kafíńtà, Búsàrí télọ̀ àti Láwàní onímọ́tò á dúró lójú fèrèsé, wọ́n á máa pe orúkọ ìyàwó mi. Mo jowú. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ń ṣe mí nígbà náà.

Nígbà tí ọkùnrin kan láti Ìbàdàn wá ń ra àwo àtijọ́, mo tà á fún un. Àwáwù wá a títí. Ó bi mí. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe Ràmọ́tù ló yá a kẹ́yìn?"

Gbólóhùn kan péré. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí Àwáwù fi kú. Mo ń wò wọ́n, mo dákẹ́.

Lẹ́yìn fídáù, Múrítàlá rí àwòrán àwo náà lórí fóònù, ní ilé gbàǹjo yẹn. Ó ní, "Bàbá, ẹ wo Màámi." Mo ní kó dá owó lé e. Kò sẹ́lòmíì tó dá sí i, owó rẹ̀ kò tó ti kẹ́ẹ̀gì epo kan. Àfi owó ọkọ̀. Owó ìdì, owó àbò bó bá fọ́ lọ́nà, owó ìgbéwá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo owó kaṣú mi lọ.

Múrítàlá ní, "Àwo kan tí mo lè há sí abíyá. Ṣé ìjókòó ni wọ́n fẹ́ gbà fún un nínú bàálù ni?"

Mo ní kó san án. Owó náà pọ̀ jù lóòótọ́, ẹ má gbè sẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n èmi tí mo máa ń ná iyọ̀, n kò ná ti ọkọ̀ yìí rárá. Owó ìtanràn mi ni mo kà á sí.

Nígbà tí àwo náà dé, n kò gbé e wọlé. Irawo ni mo gbé e lọ, sílé Ràmọ́tù. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ràmọ́tù ní:

"Bàbá Múrí, ẹ ti san owó ọkọ̀ àwo. Ti Àwáwù ńkọ́? Èló ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó gbé òun náà wá?"

Mo na àwo náà sí i.

Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ jáde. Àwo náà kọ́kọ́ ń hó ṣìì, lẹ́yìn náà ohùn Àwáwù já wọlé, ohùn ọmọge. Nígbà tó kan ègbè, Ràmọ́tù la ẹnu, ó gbè é. Ohùn rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Ìyá kan tó ń lọ sóko dúró, ó ní, "Ta ló ń ṣe ìyàwó níbí?" Mo ń sunkún, mo ń jó lórí ìkúnlẹ̀.

Ràmọ́tù ní òun kò tíì dárí jì mí, ṣùgbọ́n òun ń bọ̀ wá síbi ibojì Àwáwù ní Jímọ̀. "Kí àwọn ọmọ yín ti mọ̀ kí n tó dé o."

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n pè wọ́n jọ ni, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n kà á níbí? Ẹ tètè gbà mí nímọ̀ràn. Kí ẹ sì bá mi dúpẹ́. Àwọn méjèèjì ti jọ kọrin.