Orin Yèyé Mi Tó Wà Nínú Dísìkì

Ogo! Ogo! Ogo ni fún Ọlọ́run tí kì í sùn! Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí.

Gbogbo yín lẹ mọ Yèyé mi. Òun ló ń dá orin fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ní èdè Ọ̀wọ̀ wa gan-an. Kò mọ̀wé. Bó bá ti ń kọrin ni mo ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Pólì, nígbà tí kọ̀ǹpútà ò tíì pọ̀ nílùú. Orin kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀ nínú dísìkì. Èyí tó kọ́kọ́ dá ni orin Fẹ́mi, ọmọ rẹ̀ tó kú ní kékeré. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kọ ọ́ fún mi, ẹkún ò jẹ́ kó tún un kọ. Tẹkúntẹkún lèmi náà fi tẹ̀ ẹ́, n ò há a sórí.

Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe gbé Yèyé dè. Ohùn lọ! Ẹni tí wọ́n ń gbọ́ orin rẹ̀ dé ìlú Ìjàgbà, kò lè pe orúkọ mi mọ́. Dókítà ní, "Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ yín." Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ṣọlá, ní ká lọ mú àwọn orin rẹ̀ wá, ká máa kọ wọ́n sí i létí.

Mo ní ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó dá kẹ́yìn. Bọ̀dá yarí. "Rárá o! Orin Fẹ́mi ni àgbà. Ṣé ọmọdé á wá ṣáájú àgbà ni?" Ó ṣí i fúnra rẹ̀. Yéè! Wúruwùru! Lẹ́tà, nọ́ńbà, àmì tí ẹ̀dá ò lè kà. Ó ní bóyá bí òun bá fi í pamọ́ padà sínú dísìkì, á tò padà. Ó sì fi í pamọ́.

Ará, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni. Àwọn kan ní kí n ju dísìkì náà nù. Mo ní, "Olúwa, ohùn ti lọ, ṣé ọ̀rọ̀ náà á tún lọ ni?"

Ọlọ́run rán Alhaji Lásísì sí mi, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe láàárín ìlú. Ó fi dísìkì náà sínú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó yọ mẹ́mórì inú kọ̀ǹpútà mi, ó fi òmíràn sí i. Ó ní, "Àǹtí, dísìkì yín ò ṣe nǹkan kan. Mẹ́mórì yìí, tí kọ̀ǹpútà ń gbé ọ̀rọ̀ sí tẹ́ ẹ bá ṣí i, ló bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, á dà á rú. Èyí tẹ́ ò tíì ṣí, ó pé. Èyí tẹ́ ẹ ṣí tẹ́ ẹ tún fi pamọ́, rúdurùdu yẹn lẹ fi pamọ́."

Olúwa ṣeun! Gbogbo orin jáde geere. Àfi ti Fẹ́mi. Bọ̀dá di orí mú, ó ní, "Èmi ni mo bà á jẹ́."

A kọ wọ́n fún Yèyé. Omi ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tán, ó ṣì ń wo ẹnu mi. Mo mọ èyí tó ń retí. Mo ní, "Yèyé, ẹ má bínú, a ò rí i." Ó pajú dé. Lójijì, ohùn kan yọ lọ́fun rẹ̀, tín-ín-rín báyìí. Ohùn orin Fẹ́mi ni! Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Bọ̀dá gbè é, èmi náà gbè é, títí Yèyé fi sùn lọ. Kò jí mọ́.

Ó dùn mí, ará. Ó dùn mí dọ́kàn. Síbẹ̀, Olúwa, o ṣeun! Ìwọ tí nǹkan rẹ bàjẹ́ tó o jókòó síbẹ̀ yẹn, má ju èyí tó kù nù.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. A ò ní ọ̀rọ̀ orin Fẹ́mi mọ́. Ẹ ṣáà bá mi gbè é.