Àjà Òkùta Tí N Kò Lù

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wọ kòtò góòlù láràárọ̀, tí mo máa ń fi ọ̀pá irin lu àjà òkùta kí n tó ní kí àwọn yòókù máa bọ̀. Bí ó bá dún kokoko, ó le nìyẹn. Bí ó bá dún bí agbè òfìfo, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀ àfi tí a bá fi igi gbé e ró. Láti ọjọ́ tí àjà náà ti wó pa Arákùnrin Jídé, n kò sunkún, oúnjẹ kò sì dùn bẹ́ẹ̀ ni kò korò lẹ́nu mi. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣí kòtò náà padà, ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń dúró dè.

Lọ́sàn-án àná, lẹ́yìn àdúrà ààwẹ̀, oorun gbé mi lọ lórí ẹní. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan ní kí n dìde. Ó mú mi gba ibi gbalasa kan tí kò ní òrùlé, tí ara tu gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀. Jídé wà láàárín wọn, ó ń jẹ iṣu sísun. Ó kí mi, ó béèrè ará ilé. Ó yẹ kí inú mi dùn tàbí kó bàjẹ́, n kò mọ ìkankan.

Lẹ́yìn náà a sọ̀kalẹ̀. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó gbóná, àjà rẹ̀ kò ga ju àyà lọ, àwọn ènìyàn ba sábẹ́ rẹ̀ wọ́n ń fi ẹ̀yìn gbé e, òkùta ń já, ó ń já lù wọ́n, wọn ò kú, wọ́n tún ń gbé e. Àwọn panṣágà tí mo ti ń retí láti rí ní ọ̀run àpáàdì kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé nígbà ayé rẹ̀, ó ní kí wọ́n yọ igi abẹ́ àjà lọ lò níbòmíràn. Amọ̀nà mi ní, “Àwọn tó ní ó le nìyí.”

Ó fi ọ̀pá irin lé mi lọ́wọ́. Mo lu àjà náà, ó dún òfìfo. Gbogbo wọn ń wò mí. Ẹnu mi là fúnra rẹ̀, mo ní, “Ó le. Ẹ máa bọ̀.”

Amọ̀nà mi kò bínú. Ó ní, “Ohun tí o sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn náà nìyẹn. Ọjọ́ yẹn, o kò tilẹ̀ lù ú.”

Mo bá jí. Òótọ́ ló sọ. Ó rẹ̀ mí láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì rò pé bó ṣe wà ní ọjọ́ tó ṣáájú ló ṣe máa wà. Ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi wọ kòtò lọ́la. Ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò lù ú. Ìyá Tóyìn, ìyàwó Jídé, ẹ ti ń bẹ̀ mí pé kí n má ba ọkàn ara mi jẹ́, pé àmúwá Ọlọ́run ni. Àmúwá Ọlọ́run kọ́. Èmi ni mo ní kí ọkọ yín máa bọ̀.