Áláàmù Tí Mo Yọ, Ìyá Ìyàwó Mi Ló Ń Ru Ẹ̀bi Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Láti ọjọ́ Sunday tó kọjá ni mi ò ti lè jókòó sójú kan. Mo dìde, mo tún jókòó. Tí mo bá ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Downtown, mo máa ń kọjá ibi tó yẹ kí n ti yà. Ọjọ́bọ̀ ni ìyá ìyàwó mi máa padà sí Nàìjíríà. Mo ti purọ́ mọ́ wọn, wọn ò sì mọ̀.

Stockbridge, ní Amẹ́ríkà níbí, ni ilé wa wà. Gáàsì la fi ń mú un gbóná. Yàrá kékeré kan ní basement, ìsàlẹ̀ ilé lábẹ́ ilẹ̀, ni hítà wà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an sì ni yàrá tí Mama ń sùn. Òṣogbo ni Mama ti wá nígbà tí ìyàwó mi bí Tèmi, ọmọ wa àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, night shift ni wọ́n fún un, Mama ló sì ń gbé ọmọ sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo gbà gbọ́ nígbà náà. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, gáàsì ni ìyá tèmi fi ń dáná. Tí sílíńdà bá ń jò, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé, a ó sáré ṣí fèrèsé. Torí náà mo gbà pé gáàsì ò lè ṣe èèyàn ní jàǹbá kí imú má kọ́kọ́ mọ̀. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì bíi pé èmi ni mo ṣe hítà. Mo tún máa ń sọ pé hítà tó bá ṣì ń gbóná, kò sóhun tó ṣe é. Pé àwọn tó ní ká máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, iṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Ọdún mẹ́rin la ti wà nínú ilé náà. Ẹnikẹ́ni ò ṣí hítà náà wò.

Áláàmù funfun kan wà lára ògiri lẹ́nu ọ̀nà yàrá Mama. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Tèmi jí, ó fi igbe ta. Mama gbé e jáde.

"Ọkọ mi, kí lèyí ń sọ?"

"Mama, ẹ má dá a lóhùn. Bátìrì rẹ̀ ló fẹ́ tán."

Mo fa imú. Mi ò gbóòórùn kankan. Mo yọ ọ́ lára ògiri, mo yọ bátìrì rẹ̀, mo tì í sínú dúrọ́ọ̀ tó sún mọ́ mi jù, ibi tí Mama ń kó ìró wọn sí. Mo ní màá ra bátìrì tuntun. Mi ò rà á.

Láwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Mama. Òòyì ń kọ́ wọn. Oúnjẹ ò wù wọ́n jẹ. Ohun tó yẹ kó là mí lójú ni pé tá a bá ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, ara wọn á yá, wọ́n á máa jó. Tá a bá padà sílé, wọ́n á tún dùbúlẹ̀. Ìyàwó mi yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò. Èmi ní òtútù Amẹ́ríkà ni. Mo wá yí hítà sókè sí i, kí ara lè tù wọ́n.

Ẹ gbọ́ o. Èmi ni mo yí i sókè.

Láàárọ̀ Saturday kan, mo lọ ra iṣu ní Clarkston. Mo ń yan iṣu lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó mi pè mí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ ni. "Máa bọ̀! Mama wà nílẹ̀, wọn ò dá mi lóhùn! Tèmi ò sunkún!" Òun ló gbé ọmọ jáde, òun náà ló wọ́ ìyá rẹ̀ gorí àtẹ̀gùn.

Mi ò mọ bí mo ṣe wakọ̀ délé. Wọ́n ti gbé Mama àti ọmọ lọ sí ọsibítù, ìyàwó mi sì ti bá wọn lọ. Panápaná kan jáde látinú ilé, ó mú ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́. Ó ní afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide ló kún basement.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n kò rùn."

Ó wò mí. "Kì í rùn, sà. Òórùn tí ẹ mọ̀ yẹn, wọ́n fi sínú gáàsì ni, kí ẹ lè mọ̀ tó bá ń jò. Èyí kì í ṣe gáàsì tó ń jò. Èéfín tó ń jáde tí hítà bá ń jó gáàsì ni. Inú hítà yín ti sán, ibẹ̀ ló ń gbà jáde."

Ẹnì kejì rẹ̀ bá áláàmù tó yẹ kó kìlọ̀ fún wa nípa èéfín náà nínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ ìró Mama. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọsibítù, tí mo sọ ohun tí wọ́n rí fún ìyàwó mi, ó ní, "Ta ló yọ ọ́?" Ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Bóyá ariwo rẹ̀ ló ń dí Mama lọ́wọ́."

Gbólóhùn kan péré. Mi ò tíì lè kó o jẹ.

Ọlọ́run yọ wá. Ara Tèmi yá, ara Mama náà yá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ láwọn ọ̀sẹ̀ yẹn ni Mama ò rántí mọ́. Nígbà tí ìyàwó mi bi wọ́n léèrè nípa áláàmù, wọ́n ronú títí. "Ṣé èmi ni? Ó lè jẹ́ èmi ni." Nígbà tó yá, ó dá wọn lójú pé àwọn ni. Wọ́n bá mi ní kíṣìnnì, wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀. Ìyá ìyàwó mi! "Ọkọ mi, dárí jì mí. Díẹ̀ ló kù kí n pa ọmọ yín."

Mo dì wọ́n mú. Mo ní, "Mama, ó ti tán." Ẹ rí i, mo gba ẹ̀bẹ̀ tó yẹ kí n bẹ̀.

A ti pààrọ̀ hítà. Áláàmù wà ní gbogbo àjà ilé báyìí, ojoojúmọ́ ni mo ń tẹ̀ wọ́n wò, nígbà míì ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyẹn ò fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Ní Sunday tó kọjá, ìyàwó mi dìde ní ìpàdé àwọn obìnrin lẹ́yìn ìsìn, ó ń kìlọ̀ fún àwọn tí ìyá wọn ń bọ̀ láti ilé. Ó ní kí wọ́n fi áláàmù hàn wọ́n, kí wọ́n má bàa yọ ọ́ bí Mama òun ṣe yọ ọ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mama náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n sorí kọ́. Ẹ̀yìn ni mo wà pẹ̀lú ọmọ, mò ń dúró dè wọ́n ká jọ lọ sílé.

Lánàá, mo gbé Mama lọ ra ẹ̀bùn tí wọ́n máa kó lọ sílé. Mo ní, "Mama." Wọ́n ní, "Hẹn, ọkọ mi?" Mo ní, "Ṣé òtútù ò mú yín?"

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Tí mo bá sọ fún ìyàwó mi, ṣé ó tún máa fi ọmọ sílẹ̀ fún mi? Tí mo bá sọ fún Mama nìkan, tí mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bò mí láṣìírí, ṣé kì í ṣe ẹrù mìíràn ni mo tún gbé rù wọ́n? Mama ti sọ pé bí a bá tún bímọ, ká wá ẹlòmíràn, pé ọwọ́ àwọn ò dáa fún ọmọ mọ́. Ọwọ́ tó tọ́ ọmọ márùn-ún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà pé àwọn ló yọ áláàmù, wọn ò gbé Tèmi mọ́. Tó bá sunkún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí, wọ́n á máa pè wá pé ká wá gbé e.