Ìrẹsì Ìyá Kumari

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, kó tó di pé àga yìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ lálẹ́... ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ẹ gbọ́. Tèmítọ́pẹ́, mo rí ọ lánàá. Oúnjẹ tí ìyá ará Bangladesh tó ń gbé lókè wa gbé wá, o dà á sínú ìdọ̀tí. O rò pé mò ń sùn. Mi ò bá ọ wí, torí ẹnu mi ò gbà á. Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Pordenone ní Ítálì níbí la wà nígbà yẹn, ní fabbrica, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ. Èmi àti Kumari, ọmọ Sri Lanka, la jọ ń yí nọ́ọ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Bí ọwọ́ mi bá falẹ̀, á bá mi yí tèmi mọ́ tirẹ̀ kí ọ̀gá tó rí i. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnni lóde òní?

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n bá òun lọ sí tẹ́ńpìlì wọn nítòsí Sesto San Giovanni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Milan. Wọ́n ń ti Turin, ti Padova, wá wo ère Búdà ibẹ̀. Hàà, ère yẹn... Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣe ìrọ̀rí, ó gùn láti ògiri dé ògiri. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ga jù mí lọ. Mo ní, "Kumari, ṣé oorun ló ń sùn ni?"

Ó ní, "Rárá. Ó ń kú lọ ni. Wo bí ara rẹ̀ ṣe balẹ̀."

Ìgbà yẹn ló tó sọ fún mi pé ìyá òun ti kú nílé, permesso òun, ìwé ìgbélùú, kò tíì jáde, òun ò lè lọ sin ín. Ìrẹsì tí òun gbé wá, nítorí ìyá òun ni. Omi àgbọn ló fi sè é, láti ìdájí ló ti wà nídìí rẹ̀. Wọ́n bu díẹ̀ síwájú ère, àwọn àlùfáà wọn jẹ, ó wá bu tèmi sínú abọ́ ike. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo ní mo ti yó, pé màá jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin. Irọ́ ni. Pásítọ̀ wa máa ń sọ pé, "Ẹ̀yin ará, ohun tí wọ́n bá gbé síwájú ère, ẹ má fi kan ẹnu o."

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo ní mo fẹ́ tètè délé. Ní ibùdókọ̀, mo da ìrẹsì náà sínú àpótí ìdọ̀tí, mo tún ń fi ìka ha èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́. Mo yíjú padà, Kumari ló dúró yìí. Ìborùn mi tí mo gbàgbé ló sáré mú tẹ̀lé mi. Kò bú mi. Ó ní, "Òtútù mú, fi we ọrùn." Ó bá padà lọ.

Ojú tì mí. Ó ṣì ń tì mí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ Ajé, ọwọ́ mi falẹ̀, ó tún bá mi yí nọ́ọ̀tì mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Lọ́dún kejì, ìyá tèmi kú ní Ìkìrun. Mo lóyún ìyá yín, ó ti pé oṣù mẹ́jọ, wọn ò jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀yin ayé ìsinsìnyí ń wo ìsìnkú lórí fóònù, àwa ńkọ́? Mo dín àkàrà, bí wọ́n ṣe ń dín in nílé bí àgbàlagbà bá kú, mo ń pín in. Kumari wá. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, bó ṣe bọ́ ọ ní tẹ́ńpìlì. Ó jẹ àkàrà mẹ́rin, kò béèrè ẹni tí mo gbàdúrà sí lórí rẹ̀. Ó ní, "Kí lorúkọ màmá ẹ?" Mo ní Àbẹ̀kẹ́. Ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, kó má baà gbàgbé. Ó yẹ kí n tọrọ àforíjì níbẹ̀ yẹn. Àkàrà ni mo tún ń bù fún un. Nígbà tó yá, ó padà sílùú rẹ̀, mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Kí lo wí, Tèmítọ́pẹ́? "E sua mamma, nonna, come si chiamava?"

Orúkọ ìyá Kumari... Mi ò béèrè, ọmọ mi. Mo da ìrẹsì ìyá ọlọ́mọ nù, mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Dìde. Fọ abọ́ ìyá òkè yẹn, kó mọ́ dáadáa, kí o gbé e lọ fún wọn. Bọ́ bàtà ẹ lẹ́nu ọ̀nà. Kí o sì bi wọ́n, ta ni wọ́n torí ẹ̀ se oúnjẹ náà.