Mo Pa Ilà Ojú Ìyá Mi Rẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bú mi títí n ó fi sọ ọ́ tán. Ìyá mi wà ní yàrá kejì bí mo ti ń kọ ìwé yìí, ó ń rán aṣọ tí n óò wọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, ọjọ́ tí n óò gba oyè másítà ní yunifásítì. Inú rẹ̀ ń dùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ ó ti sọ fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín pé òun yóò bá mi lọ, òun yóò jókòó, òun yóò pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n bí onífọ́tò bá dé, òun yóò sún sẹ́yìn. Ó ní, "N ò fẹ́ ba fọ́tò ẹ jẹ́, Àníkẹ́ mi." Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn, nítorí èmi gan-an ni mo fà á.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi, ilà gọ̀m̀bọ́ tó wà lójú rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe níwájú ilé tí a háyà ní Ìkọ̀tún, òun nìkan ló sì tọ́ mi lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Nígbà tí mo sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ya àwòrán, ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé bírò ti wọ́n lọ́jà ni?" Aláwàdà ni obìnrin yẹn! Ṣùgbọ́n kò dá mi dúró. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni kí n ya ojú ènìyàn sínú ẹ̀rọ, kí ó ṣe é yí sọ́tùn-ún, kí ó ṣe é yí sósì bí orí gidi. Kí n tó lè ṣe é, mo ní láti to àmì tóótòòtó sójú ẹnì kan, kí n wọn ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kí n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Ta ni yóò jókòó fún irú wàhálà bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ìyá ẹni?

Ọ̀sán Sọ́ńdè mẹ́ta ló fi jókòó sórí àpótí fún mi. Mo fi tìróò tí òun fúnra rẹ̀ ń lé to àmì sí gbogbo ojú rẹ̀, mo mú téèpù tó fi ń ránṣọ, mo ń wọ̀n ọ́n láti imú dé etí, láti etí dé àgbọ̀n. Ó ní, "Èmi tí mo ti wọn gbogbo Ìkọ̀tún, wọ́n wá ń wọn èmi náà lónìí. Má jẹ́ kó fún mi o, fi àyè sílẹ̀!" A rẹ́rìn-ín títí àwọn àmì náà fi dàrú, mo sì tún un bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ojú ìyá mi. Bí mo ṣe ń fi ìka tọ ilà kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ohun tí wọ́n sọ fún un, bí bàbá rẹ̀ ṣe gbé e sórí itan nígbà tí olóólà ń kọ ọ́, bí wọ́n ṣe fi omi ìgbín tù ú lójú, àti bí bàbá náà ṣe sunkún ju ọmọ tí wọ́n ń kọ nílà lọ. Ìfẹ́ rẹ̀ kún inú mi lọ́jọ́ náà débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo ní tìróò ló ta sí mi lójú.

Kí n sọ òtítọ́ fún yín: ilà náà kò ju agbára ẹ̀rọ lọ. Ó gbà mí lọ́sẹ̀ mẹ́ta, nítorí iná tí wọ́n ń mú lọ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọ́n jáde kedere. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ yí orí náà lójú àwọn tí a jọ ń kàwé, ọmọkùnrin kan pariwo pé, "Ẹ̀hẹn! Ológbò wo ló ha màmá yìí lójú báyìí?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé ìyá mi ni. Èmi ńkọ́? Ṣé mo ní ìyá mi rèé? Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin èèyàn mi! Mo tún ní obìnrin kan ládùúgbò wa ni. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Èmi fi tèmi júwe, mo tún fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ sídìí ẹ̀rọ náà lémi nìkan, mo pa àwọn ilà náà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà fi ń dán bíi ti ọmọ tuntun. Nígbà tí ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi bèèrè ibi tí ilà lọ, mo ní iṣẹ́ á tètè yá báyìí.

Ìyá mi kò mọ ìkankan nínú rẹ̀. Ó ti sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀, títí dé àwọn tó ń wá láti Ìgàndó, pé ojú òun ti wọ inú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo gbé àwòrán náà wálé lórí bébà, kò dúró kí n bọ́ bàtà tó fi gbà á. Obìnrin kan tó wá gba aṣọ na ọrùn, ó ní, "Ó mà rẹwà o. Ta nìyí?" Ìyá mi gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó fi ìka tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ inú àwòrán, ó sì fi tọ tirẹ̀. Ó ní, "Àníkẹ́, ilà tí bàbá mi ní kí wọ́n kọ fún mi dà?" Ibẹ̀ ni mo ti parọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ̀rọ yẹn ni ò gbà á. Ilà máa ń ba àwòrán jẹ́ ni." Ó mi orí, ó ní kò burú, pé òyìnbó tó ṣe ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé àwa wà láyé ni.

Kò bínú. Ìbá bínú ni, ìbá sàn fún mi! Oúnjẹ tó ń bù fún mi kò dín, àdúrà àárọ̀ rẹ̀ lé mi lórí kò dín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá gbé kámẹ́rà, yóò fi ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lánàá mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró tì mí ní Sátidé. Ó fọwọ́ pa mí lórí. Ó ní, "Ṣebí ìwọ náà lo sọ pé ilà ń ba àwòrán jẹ́? Ọjọ́ ẹ ni jàre, jẹ́ kó dán."

Kò sí ìdúró, kò sí ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó gbé odó mì. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ, ẹ̀yin ni mo ń bi: èwo ni yóò dùn ún jù, kí ó máa rò pé ojú òun kò yẹ nínú fọ́tò, àbí kí ó mọ̀ pé ọmọ tí òun tọ́ sẹ́ òun láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀? Ẹ tètè gbà mí nímọ̀ràn. Sátidé kò jìnnà mọ́, mo sì fẹ́ kí ìyá mi wà nínú fọ́tò náà pẹ̀lú gbogbo ilà ojú rẹ̀.